Ọkọ, Aya àti Gíríìnì Káàdì

Ẹni tó bá ń lọ òde ìdána ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde ti rí i rí. Alága ìdúró ń dárin, alága ìjókòó ń dá a lóhùn, ẹrù ìdána ti wọlé, iṣu ti pé, orógbó àti oyin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó kò sí níjòókòó. Houston ló wà, tàbí Maryland, ojú rẹ̀ sì ń hàn lórí fóònù tí ẹnì kan gbé sókè. Àbúrò rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna dípò rẹ̀. Lójú ìdílé méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti parí lọ́jọ́ náà. Ọmọ ti di ìyàwó ilé, kò sì sí ẹni tó tún lè wá tọrọ rẹ̀ mọ́. Lójú òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà, kò tíì sí ìgbéyàwó kankan.

Òfin tí mo ń sọ yìí ti wà láti ọdún 1952, wọ́n sì ṣì ń lò ó pẹ̀lú oríṣiríṣi àtúnṣe. Ó sọ pé bí ọkọ àti aya kò bá jọ wà lójú kan náà nígbà tí wọ́n ń so wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe tọkọtaya, àfi bí wọ́n bá ti jọ sùn gẹ́gẹ́ bí ọkọ àti aya lẹ́yìn ayẹyẹ náà. Èyí tó ti wáyé ṣáájú kò sí nínú ìṣirò. Ọkọ tó ṣe ìdána lórí fóònù lóṣù Kẹta, tí kò tíì wálé rárá títí ó fi kọ̀wé fún ìyàwó rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án, kò tíì ní ìyàwó tí yóò kọ̀wé fún. Ó di dandan kó wálé, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ wà, kó sì tọ́jú òǹtẹ̀ pásípọ́ọ̀tù, rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì àti fọ́tò tó fi hàn pé wọ́n jọ wà lóòótọ́.

Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n tún jọ ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù. Òfin Nàìjíríà kò kọ̀ ọ́ fún àwọn tó ti ṣe ti ìbílẹ̀, bí ó bá ṣáà jẹ́ pé àwọn méjèèjì yẹn náà ni. Ibi tí àwọn ará òkè òkun ti máa ń ṣìṣe ni ti àkókò. Ẹni tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì wálé á rò pé òun lè wọ rẹ́jísìrì lọ́jọ́ Ajé kí òun sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ 21 ni rẹ́jísìrì gbọ́dọ̀ fi lẹ ìkéde ìgbéyàwó mọ́ ara ògiri kó tó so ẹnikẹ́ni pọ̀, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé láàárín oṣù mẹ́ta tí wọ́n mú ìkéde náà wá. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì ti tó láti fọwọ́ sí ìkéde. Ìyàwó lè lọ fi í sílẹ̀ kí ọkọ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti òde ìdána ni pé ibẹ̀ ni ìṣòro wa pọ̀ sí jù. Ìgbéyàwó Yorùbá kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Àǹtí tó yan aṣọ ẹbí mọ̀, ìyá ọkọ tó kó ìyàwó wọlé mọ̀, àdúgbò mọ̀. Ṣùgbọ́n USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wo ìwé àwọn àjèjì, kò ní pe àǹtí yẹn. Ohun tó wà lákọọ́lẹ̀ ni wọn yóò kà, nígbà mìíràn lọ́dún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí ohun tí wọ́n ń béèrè ti ṣẹlẹ̀. Tọkọtaya tí ìfẹ́ wọn jinlẹ̀ lè dé iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ òfo, nígbà tí àwọn tó fi owó ra ìgbéyàwó gbé fáìlì ńlá wá.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ kò ṣòro láti sọ. Ọmọ Amẹ́ríkà ló máa kọ̀wé kọ́kọ́, lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní I-130, láti fi hàn pé ìyàwó òun tàbí ọkọ òun nìyí. Ẹni tó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kì í tò lórí ìlà, nítorí òfin kò fi iye sí àwọn tó lè gba káàdì bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. Ẹni tó fẹ́ olùgbé tó ní gíríìnì káàdì nìkan ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìlà náà sì lè gùn. Lẹ́yìn I-130, ọ̀nà pín sí méjì. Bí àlejò bá ti wà ní Amẹ́ríkà, ó lè jókòó síbẹ̀ kó béèrè káàdì lórí fọ́ọ̀mù I-485, kò sì burú kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀. Bí ó bá wà ní Nàìjíríà, ìwé rẹ̀ á gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ físà tó wà ní New Hampshire, á kọ fọ́ọ̀mù DS-260, á gba ìwé ọlọ́pàá, á rí dókítà tí ẹ́ḿbásì yàn, á sì lọ jókòó níwájú òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì Amẹ́ríkà ní Èkó.

Ọ̀nà Èkó yìí, àṣẹ ààrẹ lè tì í pa nígbàkúùgbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àṣẹ tó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín físà wọn kù, ti àwọn tó ń lọ gbé ibẹ̀ sì wà lára rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2026. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ a máa yí padà, kò sì pa òfin ìgbéyàwó tí mo ń ṣàlàyé rẹ́. Kí a wo ohun tuntun tí ẹ́ḿbásì kọ síta kí a tó san owó dókítà, nítorí àyẹ̀wò náà ní ọjọ́ tó ń kú.

Fún àwọn tó ti wà ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni bí wọ́n ṣe wọlé. Ẹni tó gba físà wọlé, tí òṣìṣẹ́ bọ́dà wò ó tó sì gbà á wọlé, lè béèrè káàdì nípasẹ̀ aya tàbí ọkọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, kódà bí ọjọ́ orí físà náà ti kọjá tipẹ́. Ẹni tó gba inú igbó wọlé láì rí òṣìṣẹ́ kankan kò ní àǹfààní yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ènìyàn wa kì í gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, èyí tó jẹ́ pé ẹni tí físà rẹ̀ ti kú kò gbọdọ̀ jáde. Láti 1996 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá jókòó ju ọjọ́ 180 lọ láì ní ìwé, tó wá jáde fúnra rẹ̀ kó tó pé ọdún kan, kò ní padà wọlé fún ọdún mẹ́ta. Bí ó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́wàá ni. Ìyá kú ní Òṣogbo, ọmọ sáré wálé sìnkú, ó sì rò pé ìwé tí ìyàwó òun ti kọ yóò gba òun sílẹ̀. Kò ní gbà á. Kódà ẹni tí físà rẹ̀ ṣì dára, bí ó bá jáde nígbà tí I-485 rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn láì gba ìwé àṣẹ ìrìnàjò ṣáájú, wọ́n sábà máa ń kà á sí pé ó ti pa ìbéèrè rẹ̀ tì. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ máa wo ìsìnkú òbí wọn lórí Zoom, ó sì dùn mí lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Owó fọ́ọ̀mù kò kéré. Nígbà tí wọ́n tún owó ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, I-130 di $675, tàbí $625 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, I-485 sì di $1,440. Ṣùgbọ́n owó tó yẹ kí a fara balẹ̀ rò kì í ṣe èyí. Ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ tún ṣe onígbọ̀wọ́ lórí fọ́ọ̀mù I-864, kó fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun tó 125% iye tí ìjọba fi ń díwọ̀n òṣì. Ní 2025, iye yẹn fún ìdílé ẹni méjì jẹ́ $26,437 lọ́dún. Bí tirẹ̀ kò bá tó, ó lè wá ẹlòmíràn tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní gíríìnì káàdì láti bá a fọwọ́ sí i. Bọ̀dá ìjọ tàbí àbúrò bàbá ló sábà máa ń ṣe é, wọ́n á ní ìbuwọ́lùwé lásán ni. Kì í ṣe ti lásán. Àdéhùn tó dúró lábẹ́ òfin ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí àlejò yóò fi di ọmọ onílùú, tàbí tí yóò fi ní kírẹ́díìtì iṣẹ́ tó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tàbí tó bá kú, tàbí tó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ pátápátá. Ìkọ̀sílẹ̀ kì í pa á. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ ẹ̀gbọ́n kan láti fọwọ́ sí i, kó kọ́kọ́ ka gbólóhùn yẹn sí i létí.

Ìgbéyàwó àtijọ́ tí kò tú dáadáa náà máa ń kó àwọn ènìyàn wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Kí ìgbéyàwó tuntun tó lè dúró, gbogbo èyí tó wà ṣáájú gbọ́dọ̀ ti parí lọ́nà tó bófin mu níbi tí wọ́n ti tú u. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà ìdílé tó jókòó dá ẹrù padà kò tíì tú u. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ náà kò lágbára lórí rẹ̀. Bí adájọ́ bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, ìwé àkọ́kọ́ tó gbé jáde kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó tún ku oṣù mẹ́ta kí ìkọ̀sílẹ̀ tó dúró pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ti fẹ́ ẹ nígbà tó ṣì jẹ́ ọkọ tàbí aya ẹlòmíràn, ìwé I-130 rẹ̀ á sì wó. Bákan náà, ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì, ti àkọ́kọ́ nìkan ni Amẹ́ríkà mọ̀. Bí ó ṣe wù kí ìyàwó kejì ti pẹ́ tó nílé, kò lè gba káàdì nípasẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni irọ́ kékeré tí àwọn àjẹ́ńtì físà ń kọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò tíì láya fẹ́ gba físà ìbẹ̀wò, àjẹ́ńtì sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti níyàwó, pé ó ní ọmọ méjì, kí wọ́n lè gbà pé yóò padà wálé. Ọdún mẹ́rin kọjá, ó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tọkàntọkàn. Nígbà tó dé iwájú òṣìṣẹ́, fọ́ọ̀mù àtijọ́ yẹn wà lórí kọ̀ǹpútà: ìyàwó dà? Ìgbà wo lẹ kọ ara yín sílẹ̀? Bí ó bá ní kò sí ìyàwó rí, ó ti jẹ́wọ́ pé òun purọ́ láti gba físà, èyí nìkan sì tó láti dí i lọ́nà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún lọ́yà kí ó tó fi ìwé kankan ránṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé ọjọ́ ìbí kì í pẹ́ yanjú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bí ṣáájú òfin ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun ti 1992 ní Nàìjíríà kò ní i. Àjọ tó ń ka iye ènìyàn máa ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tó dípò rẹ̀. Kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu délẹ̀délẹ̀.

Wàyí o, kí ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá gan-an? Ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ní California lọ́dún 1975 ló là á mọ́lẹ̀: ṣé lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì fẹ́ra, ó wà lọ́kàn wọn láti jọ gbé ayé pọ̀? Òfin kò béèrè pé kí ìgbéyàwó dùn, kò sì béèrè pé kí tọkọtaya máa ṣe bíi ti inú fíìmù. Àmọ́ ọkàn kò ṣeé yà ní fọ́tò, nítorí náà wọ́n ń wo ohun tí ìgbé ayé méjì tó pa pọ̀ máa ń fi sílẹ̀: ìwé ilé tí orúkọ méjèèjì wà, àkáǹtì báńkì tí owó oúnjẹ àti owó iná ń gba inú rẹ̀ jáde, owó orí tí wọ́n jọ san gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya, ìnṣọ́ránsì tó fi ẹnì kejì ṣe ajogún, ìwé ìbí ọmọ bí ọmọ bá wà.

Ibí yìí ni àṣà wa ti lè mú kí ìgbéyàwó tòótọ́ dà bí èyí tí kò dá wọn lójú. Ọ̀pọ̀ obìnrin Yorùbá tí ìyá wọn ṣòwò ni wọ́n tọ́ dàgbà pé kí wọ́n ní àpò owó tiwọn. Ọkọ ń san owó ilé, ìyàwó ń ra oúnjẹ, kálukú ní àkáǹtì tirẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn dọ́ba. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kankan kò ní sọ ọ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni da gbogbo owó rẹ̀ pọ̀. Kí tọkọtaya ṣí àkáǹtì kan tí wọ́n ń ná fún ilé lóòótọ́, kí wọ́n sì máa lò ó láti oṣù àkọ́kọ́, nítorí àkáǹtì tí wọ́n ṣí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú íńtáfíù, tí $200 kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, ohun tó ń sọ fún òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fẹ́ kó sọ. Bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá mú aya lọ sí Texas tí ọkọ sì wà ní New York, ìyẹn náà kò ba ìgbéyàwó jẹ́. Kí wọ́n kó tíkẹ́ẹ̀tì àbẹ̀wò àti ìwé iṣẹ́ jọ, kí wọ́n sì sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Fídíò ìdána náà wúlò, àgàgà ibi tí ìdílé méjèèjì ti hàn. Owó tí ọmọ Amẹ́ríkà náà fi ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó rẹ̀ nígbà ọdún tún wúlò, àwọn ènìyàn wa kì í sì í rántí fi rìsíìtì rẹ̀ kún un.

Nígbà íńtáfíù, òṣìṣẹ́ lè pín tọkọtaya sí yàrá méjì kó bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Láti ìgbà ẹjọ́ Stokes ní New York ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn pe irú íńtáfíù bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ jí lónìí? Kí lẹ jẹ lálẹ́ àná? Fèrèsé mélòó ló wà ní yàrá? Ẹ má ṣe jókòó há ìdáhùn sórí. Ọkọ tó bá ní òun kò mọ iye fèrèsé ti sọ òótọ́ tí ọ̀pọ̀ ọkọ lè sọ. Tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu dé orí kóńsónáǹtì ló ń fa ìfura.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí aréńjíì, ìyẹn ìgbéyàwó tí wọ́n fi owó ṣe nítorí ìwé nìkan, láì fi bò. Mo mọ̀ pé àìnírètí ló ń lé ọ̀pọ̀ débẹ̀, pé ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń rí i bí ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù. Ṣùgbọ́n òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lórí èyí ní 1986 le. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún wà nínú rẹ̀, àti owó ìtanràn tó lè tó $250,000. Èyí tó burú jù fún àlejò tún wà: ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó ti ṣe ìgbéyàwó ẹ̀tàn láti gba ìwé, ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé I-130 tí ẹnikẹ́ni bá kọ fún un mọ́. Bí ó bá pàdé ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ lóòótọ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i, tí wọ́n bímọ mẹ́ta, ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní títì.

Òfin 1986 yẹn náà ló dá káàdì ọdún méjì sílẹ̀. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí àlejò di olùgbé, káàdì tí wọ́n á fún un máa ń kú lẹ́yìn ọdún méjì. Láàárín 90 ọjọ́ tó kẹ́yìn, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù I-751, kí wọ́n sì kó ẹ̀rí ìgbé ayé wọn wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé kankan kì í wá láti rán ọ létí lákòókò tó bá ọ lára mu. Kọ ọjọ́ náà sí ibi tí wàá ti máa rí i.

Ọdún méjì yẹn ni mo ti rí i pé ìwé máa ń di pàṣán lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ onílùú. "Mo lè pe ìmígíréṣọ̀n lónìí." Gbólóhùn yìí ti pa ọ̀pọ̀ obìnrin mọ́ inú ilé tí wọ́n ti ń lù wọ́n, ó sì ti pa àwọn ọkùnrin kan náà mọ́ ọn, bí ìtìjú kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ. Àwọn àgbà á ní kó fara dà á títí káàdì yóò fi dé. Ìmọ̀ràn yẹn ti pẹ́ jù. Láti 1994, òfin Amẹ́ríkà ti gbà kí ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ onílùú ń fìyà jẹ kọ̀wé fún ara rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù I-360, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni náà, ọkùnrin tàbí obìnrin. Òfin tún kọ̀ fún USCIS láti sọ ọ́ fún ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tó ti ní káàdì ọdún méjì lè dá fọwọ́ sí I-751 bí ìgbéyàwó tí wọ́n fi òótọ́ inú wọ̀ bá ti tú ní kọ́ọ̀tù, tàbí bí ìyà bá wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ Amẹ́ríkà náà bá sì kú kí ọ̀rọ̀ tó parí, opó ní ọdún méjì láti ọjọ́ ikú náà láti béèrè fúnra rẹ̀, bí kò bá tíì fẹ́ ẹlòmíràn. Títí di 2009, opó tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì kò ní ẹ̀tọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ti gba gíríìnì káàdì, ẹni tó ṣì ń gbé pẹ̀lú aya tàbí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ onílùú lè béèrè láti di ọmọ Amẹ́ríkà. Àwọn yòókù á dúró títí di ọdún márùn-ún. Ẹni tó gba káàdì tirẹ̀ nítorí pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́ nílé ọkọ tàbí nílé aya wà lára àwọn ọlọ́dún mẹ́ta náà, òfin kò sì béèrè pé kó padà lọ gbé pẹ̀lú ẹni tó sá fún.